Ọlọ́wọ́-Iyọ̀ Àti Ọgọ́fà Pẹtúníà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Wọ́n dá Màmá dúró sí ilé ìwòsàn lónìí. Kí wọ́n tó gun bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bọ́ kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lọ́rùn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, ojú wọn dà bí ojú ẹni tó ń gbé ọmọ jòjòló fún ọ̀mùtí. Ohùn wọn ti há tán. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló jáde: "Ìyàwó, má jẹ́ kí wọ́n kú."

Ọgọ́fà ni àwọn òdòdó náà. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo dé ìsọ̀. Pẹtúníà ni gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ike kékeré tí kò ju ife ìmumi lọ. Màmá ló gbin irúgbìn wọn kí ọ̀nà ọ̀fun wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Ọdún mẹ́tàlá nìyí tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, n kò fọwọ́ kan ìkòkò kankan nínú ìsọ̀ yẹn rí. Aṣọ rírán ni iṣẹ́ tí mo mọ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ wọlé, Màmá fún mi ní òdòdó mẹ́ta kí n gbé sójú fèrèsé, kí oṣù tó parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọlọ́wọ́-Iyọ̀, gbogbo ọgbà òdòdó sì bá wọn pè é.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ ni Ọ̀gá Ìwé, ẹni tó ń kọ orúkọ gbogbo onísọ̀ ọgbà sílẹ̀, máa dé pẹ̀lú ìwé ńlá rẹ̀. Ìsọ̀ tí kò bá ní ọgọ́ta pẹtúníà tó ti tanná nínú ìkòkò, wọ́n á gbà á fún ẹlòmíì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá ti ń jókòó níbẹ̀. Nígbà tí bàbá ọkọ mi kú, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n lò nílé, wọ́n ní ilé ti tóbi jù, wọ́n padà sí ìsọ̀. Bí wọ́n bá gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn, n kò mọ ohun tí wọ́n tún máa jí fún láàárọ̀.

Ọkọ mi pè láti ojú ọ̀nà, ó ń kó ẹrù lọ sí ibi tó jìnnà, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ó ní kí n ṣe é bí Màmá ṣe máa ń ṣe é. Bí ẹni pé wọ́n jẹ́ kí n wò ó rí.

Ọjọ́rú, 6

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ohun kan ló hù sí ẹ̀bá ibi tí ohùn ti ń jáde, wọ́n sì ti gé e. Dókítà ní Màmá kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pàápàá kò sí. Obìnrin tó máa ń ná ọjà láti òdìkejì títì.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ wọlé lórí fóònù: "Bawo ni won." Kì í ṣe "bawo ni e," kì í ṣe "bawo nile." Mo fèsì pé wọ́n wà láàyè, wọ́n sì ń kí Màmá. Màmá kò fèsì sí àwàdà yẹn.

Oòrùn mú gan-an. Ẹni tó ń ta ilẹ̀dú ti fi owó lé àpò kọ̀ọ̀kan, ó ní ọ̀nà kò dára. Ọ̀nà tí mo gbà wá náà nìyẹn o, mo sì rí i pé ó dára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Mo gbé ike kan sókè, mo rí gbòǹgbò funfun kan tó yọ ní ihò ìdí rẹ̀. Mo ní aṣọ ti há mọ́ ọmọ yìí. Mo wá inú ilé ìkẹ́rùsí, mo rí ìkòkò ńlá méjìlá, àwọn tí èèyàn ń fi apá méjèèjì gbé, mo kó pẹtúníà méjìlá sínú wọn. Mo rò ó pé bí mo bá ṣe é báyìí, kò ní sí pé a ń pààrọ̀ ìkòkò mọ́ láéláé, wọ́n á dàgbà bá a. Mo bomi rin wọ́n dáadáa. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin níbi tí mo ti ń gbálẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Àwọn méjìlá náà ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti ìsàlẹ̀. Mẹ́rin ti sùn sílẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Màmá, mo sọ òtítọ́. Èsì wọn: "Ikoko yen ti tobi ju. Omi lo n pa won."

Bàbá Ẹlẹ́gùn-ún ló là á yé mi. Ìsọ̀ wọn ló kángun sí tiwa, ewéko tó kún fún ẹ̀gún ni wọ́n ń tà, àwọn náà sì le bí ọjà wọn. Wọ́n fi ìka wa ilẹ̀ inú ìkòkò kan, wọ́n gbé e sí mi nímú. Ó ń rùn.

"Gbòǹgbò tó mọ báyìí," wọ́n fi ọmọ-ìka hàn mí, "o wá gbé e sínú ilẹ̀ tó pọ̀ tó yìí. Ta ló fẹ́ mu omi yẹn tán? Á dúró síbẹ̀, gbòǹgbò á sì jẹrà. Ìwọ tó o jẹ́ aránṣọ, ṣé ìwọ lo ń rán aṣọ bàbá fún ọmọ ọwọ́ ni?"

Mo gbé agolo omi mi kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14

Mẹ́sàn-án kú nínú méjìlá. Ó ku mọ́kànléláàádọ́fà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó gùn jù lọ láti ọjọ́ tí mo ti mọ Màmá wọlé lónìí. Mo dà á kọ síbí, kó má baà sọnù nínú fóònù:

"Gbe ike wo nidi. Ti gbongbo ba ti n yi po nibe, ti omi ti o da si i ba n gba inu e koja lesekese, asiko ti to niyen. Ikoko ti o fi ika meji fe ju ti tele lo ni ki o fi si. Ma di igi e mu, ile ni ki o di mu. Ti o ba paaro ikoko won tan ma fun won lomi fun ojo meta. Ma gbe won si oorun. Won a tun ge mi lola, won a gba foonu."

Wọ́n tún fẹ́ gé Màmá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà títí ojú mi fi ń ta mí. Má di igi mú, má fún wọn lómi, má gbé wọn sí oòrùn. Ó yé mi. Omi ló pa àwọn ti àkọ́kọ́, n kò sì ní fi omi pa ìyókù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Mo yí ike mẹ́wàá dojú dé láàárọ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni gbòǹgbò ti yí po bí òwú lára kẹ̀kẹ́ òwú. Mo da omi sí ọ̀kan, ó gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Àsìkò ti tó.

Láti aago méje àárọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, aago márùn-ún kọjá kí n tó dìde. Mo fi ìka méjì há igi ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín, mo yí ike dojú dé, mo gbá a nídìí, odindi ilẹ̀ náà a já bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo fi èékánná tú gbòǹgbò díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń tú ojú abẹ́rẹ́. Mo gbé e sínú ìkòkò tuntun, mo da ilẹ̀dú yí i ká, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, n kò tẹ̀ ẹ́ jù. N kò da ilẹ̀ kún un dé etí, mo fi àlàfo tó tó àtàǹpàkò sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níyẹn. Mo ti ń rí i láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ́dọọdún, Màmá máa ń fi àtàǹpàkò wọn wọn etí ìkòkò kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀.

Mọ́kànléláàádọ́fà. Ẹ̀yìn ń ro mí bí ìgbà tí mo bí ọmọ. Mo kó gbogbo wọn sí abẹ́ òjìji lẹ́yìn ìsọ̀, n kò sì kán omi ẹyọ kan sí wọn. Wọ́n dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé. Bí Màmá bá rí wọn, wọn ò ní lè pè mí ní orúkọ yẹn mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ láti àárọ̀. Àwọn òdòdó ti rọ díẹ̀. Mo gbé agolo omi, mo tún gbé e kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá sọ.

Ọjọ́ Ajé, 18

Wọ́n ti sorí kodò, gbogbo wọn. Ewé wọn rọ̀ wọ̀ọ̀. Obìnrin ìsọ̀ kẹrin, tí òun náà ń ta pẹtúníà, wá pọn omi lẹ́yìn ìsọ̀ wa, ó dúró, ó wò wọ́n, ó wò mí.

"Ìyàwó Màmá, kí ló ṣe àwọn wọ̀nyí?"

"Bí Màmá ṣe ní kí n ṣe é nìyẹn," ni mo dá a lóhùn. Mo tún gbé àgbọ̀n mi sókè. Ó ní ó dáa, tó bá jẹ́ Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá Ẹlẹ́gùn-ún kò sí nílé, wọ́n lọ wo ọmọ wọn obìnrin. Mo pe fóònù Màmá lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò lọ. Mo pe ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní oògùn ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ń mú wọn sùn, kí n má dààmú. Mo dúró láàárín àwọn ìkòkò yẹn pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, omi kún inú rẹ̀, mo sì ń sunkún. Gbogbo ohun tó wà nínú mi ń sọ pé kí n da omi yẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló pa mẹ́ta ojú fèrèsé, ọwọ́ mi náà ló pa mẹ́sàn-án. Ta ni mí tí mo fẹ́ gbọ́n ju Màmá lọ? Mo da omi náà sí gọ́tà, kó má baà tún dán mi wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Kí n kọ ọ́ kíá, kí n lè gbé ìwé yìí jù síbì kan.

Bàbá Ẹlẹ́gùn-ún dé lọ́sàn-án. Wọ́n kọjá lẹ́yìn ìsọ̀ wa, wọ́n sì pa dà sẹ́yìn.

"Ìyàwó, ìgbà wo lo ti bomi rin àwọn nǹkan yìí gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́bọ̀, sà. Màmá ní kí n má fún wọn lómi fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Ìyá yẹn? Tí wọ́n bá pààrọ̀ ìkòkò tán? Gbé fóònù wá."

Mo fún wọn. Wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n kà á sókè, wọ́n kà á bí ẹni tí kò rí ìṣòro kankan níbẹ̀: "Tó o bá pààrọ̀ ìkòkò wọn tán, *máa* fún wọn lómi fún ọjọ́ mẹ́ta. *Má* gbé wọn sí oòrùn."

Máa.

Lẹ́tà méjì kan náà ni Màmá tẹ̀ ní ibi méjèèjì, kò sí àmì lórí ọ̀kankan, bí gbogbo ayé ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá Ẹlẹ́gùn-ún wò ó, wọ́n mọ èyí tó jẹ́ máa, wọ́n mọ èyí tó jẹ́ má. Èmi kò rò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Láti ọdún mẹ́tàlá, má ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ìyá yẹn. Má fọwọ́ kàn án. Má jókòó síbẹ̀. Má tú ìdí ìkòkò mi wò. Tí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀ ni, bí ohùn bá ti jáde báyìí, ǹ bá ti mọ èyí tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ohùn kò sí, fóònù kò sì ní ohùn.

A jọ bomi rin wọ́n, èmi àti Bàbá Ẹlẹ́gùn-ún. Wọn kò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ọjọ́rú, 20

Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ti kú. Ó ku mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ọ̀nà kò gba ọgọ́ta mọ́, àfi tí ayé bá yí padà. Mo béèrè bóyá ènìyàn lè gbin irúgbìn tuntun, Bàbá Ẹlẹ́gùn-ún ní ó lè hù o, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ìwé á ti wá, á ti lọ, kí ẹyọ kan tó rúdí.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

"Bawo ni won."

Mo wo fóònù náà títí ó fi kú sí mi lọ́wọ́. Mo tàn án. Mo tẹ̀ ẹ́: "Ara gbogbo won ya ma." Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti wé Màmá lọ́rùn, wọ́n ti rù, ojú wọn nìkan ló ṣì jẹ́ tiwọn. Wọ́n na ìka sí mi, wọ́n yí i po: mélòó ló ti rúdí? Mo na gbogbo ìka ọwọ́ mi méjèèjì, mo ṣí wọn, mo pa wọ́n dé, mo tún ṣí wọn, bí ẹni pé ó pọ̀ débi tí ìka kò tó. Màmá fọwọ́ lé mi lápá, wọ́n fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi.

Dókítà pè mí síta. Ó ní ohùn Màmá kò ní padà. Bóyá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, lọ́jọ́ iwájú, bóyá kò ní sí. Ó ní kí n má tíì sọ fún wọn, òun fúnra òun á sọ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ sílé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò ní ogún ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Mẹ́sàn-án tún kú nínú àwọn tí ọ̀dá yẹn ti bà jẹ́ ní gbòǹgbò. Méjìdínlógójì ló kù. N kò rán aṣọ kankan láti ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn oníbàárà mi ti ń bá mi jà.

Mo já orí àwọn tó kù, kí wọ́n lè pẹ̀ka. Mo lo ìṣẹ́jú kan lórí ti àkọ́kọ́, nígbà tí mo dé ìkejìlá n kò tún dúró mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ọ̀kan wà nígun tó ń rọ lọ́sàn-án bí mo tilẹ̀ bomi rin ín láàárọ̀. Mo gbé e, ó fúyẹ́. Omi gba inú rẹ̀ kọjá. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo yí i dojú dé, gbòǹgbò ti kún inú ìkòkò débi tí kò sí ilẹ̀ mọ́. Mo sún un síwájú, ìka méjì péré. Mo bomi rin ín, mo gbé e sí òjìji. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ wò ó, ó sì gbé orí sókè kí n tó ti ìsọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Ọ̀kan tanná. Àwọ̀ àlùkò tó dúdú minimini ní àárín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n lù. Bí gbogbo wọn bá ti rí báyìí, ọgọ́fà ni ì bá jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Wọ́n ti ń tanná lọ́tùn-ún lósì. Méjìdínlógójì náà ni, wọn kò lè bí ara wọn.

Obìnrin ìsọ̀ kẹrin wá bá mi. Ó ní òun ní àádọ́rùn-ún, òun á yá mi ní márùndínlọ́gbọ̀n di ọ̀sán Ajé. "Àwọ̀ kan náà ni, irú ìkòkò kan náà. Ta ló máa mọ̀?" Mo dì mọ́ ọn. Méjìdínlógójì àti márùndínlọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni.

Bàbá Ẹlẹ́gùn-ún ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní òfin ọgbà yìí ló bàjẹ́, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ orúkọ, ọgbọ̀n ìkòkò tó fún un, ẹni tó ti ń ṣe é láti ìgbà tí eyín wọn ṣì pé, wọ́n á ní kó kó ọgọ́ta jáde. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ jẹ́ ká la ti Ajé yìí já ná.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Wọ́n dá Màmá sílẹ̀. Dókítà ti sọ fún wọn. Wọn kò sunkún nínú ọkọ̀, wọ́n kàn ń wo ìta. Nígbà tí a délé, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. N kò lè sọ ohun tèmi fún ẹni tó kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ Ajé, 15

Màmá ti wọṣọ kí n tó jí.

Aago mẹ́jọ la dé ìsọ̀. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ìkòkò tò sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, mo ti pò wọ́n pọ̀, gbogbo wọn ń tàn. Ojú Màmá tàn pẹ̀lú wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín wọn, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn wọn etí ìkòkò kan, wọ́n gbé e jáde kúrò lórí ìlà. Wọ́n wọn òmíràn, wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n wọn ẹ̀kẹta, wọ́n gbé e jáde.

Obìnrin ìsọ̀ kẹrin, títí dé etí ló máa ń da ilẹ̀ kún ìkòkò. N kò kíyè sí i. Màmá yọ márùndínlọ́gbọ̀n, wọn kò ṣi ẹyọ kan yọ, wọ́n sì dúró wo ìyókù. Méjìdínlógójì tó ní àlàfo àtàǹpàkò. Wọ́n yíjú sí mi.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ lójú gbogbo ọgbà. "Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo pa wọ́n. Irọ́ ni mo ń pa fún yín." Mo gbé àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá sí wọn lójú, mo fọwọ́ sí ibẹ̀. "Mo kà á ní 'má.' Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi fún wọn lómi."

Màmá gba fóònù. Ètè wọn ń mì, mo rí i pé wọ́n ń pè é lọ́nà kìn-ín-ní, wọ́n tún ń pè é lọ́nà kejì, ohùn kò sì jáde. Wọ́n tẹ nǹkan, wọ́n yí fóònù náà sí mi.

"Ki lo de ti o ko ro pe mo le so fun e pe ki o maa fun won?"

N kò lè purọ́ mọ́, n kò sì lè sọ òtítọ́ yẹn fún ẹni tí kò ní ohùn tó máa fi dá mi lóhùn. Màmá wo ojú mi, wọ́n sì rí ìdáhùn níbẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fà mí dìde lórí ilẹ̀. Èmi àti wọn la kó márùndínlọ́gbọ̀n yẹn padà fún ẹni tó ni wọ́n.

Aago mọ́kànlá, Ọ̀gá Ìwé dé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó tínrín, ó ń fi bírò ka ìkòkò.

"Méjìdínlógójì. Ó kù díẹ̀ káàtó, Màmá." Ó gbé ọ̀kan, ó yí i, ó wo ìdí rẹ̀, ó tún gbé òmíràn. "Iṣẹ́ yìí mọ́ o. Ta ló pààrọ̀ ìkòkò wọn?"

Màmá fọwọ́ sí mi.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé àsìkò tó?"

Mo gbé ìkòkò kan sọ́wọ́. Mo ní, "Sà, tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́, tí omi bá ń sá gba inú ẹ̀ kọjá, tó bá ń rọ lọ́sàn-án bí ẹni pé wọn ò fún un lómi láàárọ̀. Tí mo bá yí i dojú dé, tí mi ò bá rí ilẹ̀ mọ́, àfi òwú. Ìka méjì péré ni mo máa ń sún un. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fún un lómi."

Ó mi orí, ó ṣí ìwé ńlá. Ó ní òun kò lè kọ ọgọ́ta sí ibi tí méjìdínlógójì wà. Ohun tí òun lè ṣe kò ju ẹyọ kan lọ. Kí wọ́n pa orúkọ àtijọ́ rẹ́, kí ẹni tuntun kọ tirẹ̀, nítorí ọgbọ̀n ni ti ẹni tuntun. Ṣùgbọ́n tí a bá ti pa orúkọ rẹ́, kì í tún padà. "Ẹ rò ó o, Màmá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Mo ní kò ṣeé ṣe, mo ní kó fún wa ní oṣù kan sí i, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo tún fẹ́ kúnlẹ̀. Màmá ti gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ìka wá orúkọ wọn nínú ìwé náà, wọ́n fa ìlà lé e, ìlà kan tó gún régé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ mi. Kì í ṣe ìyàwó, kì í ṣe Ọlọ́wọ́-Iyọ̀. Èyí tí bàbá mi sọ mí, tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

Ìsọ̀ kò bọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé mi síbẹ̀ kí n gba ibẹ̀ lọ́wọ́ Màmá. Nínú oṣù kan ṣoṣo, ohùn lọ, orúkọ lọ, èkejì sì ti ọwọ́ mi jáde. N kò lè jẹun.

Ọjọ́rú, 17

Oníbàárà kan dé láàárọ̀, kò mọ̀ wá. Màmá ni ó bá níwájú lórí àpótí, èmi wà nínú lọ́hùn-ún, mò ń po ilẹ̀dú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ̀yin lẹ ni ìsọ̀ yìí?"

Mo dúró, ọwọ́ mi wà nínú ilẹ̀. Màmá mi orí pé rárá. Wọ́n yíjú wo inú, wọ́n yọ ètè wọn síwájú, wọ́n fi ẹnu tọ́ka sí mi, wọ́n sì padà sídìí ìkòkò tí wọ́n ń tú. Oníbàárà náà ń wò mí, ó ń retí. Mo nu ọwọ́ mi, mo sì jáde lọ dá a lóhùn.